Ó Mọ̀ Pé Pápá Kúrú, Ó Sì Dákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ fara balẹ̀ ka ti òní. Ọkùnrin tó ni ìtàn náà jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó sọ ọ́ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, ó ní kí n gbé e síta kí ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n. Ó ní kí n má ṣàánú òun. Mi ò kúkú ní i lọ́kàn tẹ́lẹ̀.

Tíṣà eré ìdárayá ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan nínú ìlú kékeré. Kọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀. Ó ní ṣòkòtò eré kan tó ní ìlà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, aago eré kan tó fi kọ́rùn, àti ikùn tó máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Láti ìgbà tó ti dé ibẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ náà ò gba ipò kankan rí. Bí wọ́n bá lọ ìdíje, wọ́n á jẹun, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún àwọn ẹlòmíì, wọ́n á wọkọ̀ padà sílé.

Pìrìnsípà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nípàdé àwọn tíṣà.

"Kọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹ ti bá wa kí àwọn tó nà wá kú oríire?"

Gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín. Tíṣà ìṣirò ló máa ń rín in jù, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè béèrè èsì ìdánwò tirẹ̀.

Lásìkò ìsinmi kan, wọ́n fi katakata tẹ́ pápá ilé-ẹ̀kọ́ náà, gbogbo ìlà àtijọ́ sì pa rẹ́. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, ó di dandan kí Kọ́ọ̀ṣì fa ìlà tuntun. Okùn kan ló ní fún iṣẹ́ yẹn, ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Okùn gígùn ni, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì. Bí o bá fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá yí pápá po, o ti ní ojú ọ̀nà eré yípo kan tó pé pérépéré. Ilé ara rẹ̀ ló gbé okùn náà pamọ́ sí nígbà ìsinmi, kí olè má baà gbé e.

Nígbà tó mú un jáde, aṣọ pupa kan ṣoṣo ló rí. Ó ní eku ló ti jẹ ìkejì. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó da ẹfun tẹ̀lé e, ó gbọn ọwọ́, ó ní iṣẹ́ parí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ọfà sáré.

Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọfà, nítorí kì í pẹ́ débi tí wọ́n bá ti ń pín nǹkan. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé, nọ́ọ̀sì kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ọfà yára díẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ náà, ó yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan. Kọ́ọ̀ṣì tẹ aago, ó wò ó, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún un wò.

"Tún un sá."

"Sà, ó ti rẹ̀ mí."

"Sinmi. Kí o wá tún un sá."

Ó sinmi, ó tún un sá. Ohun tí aago sọ lákọ̀ọ́kọ́ náà ló tún sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Pìrìnsípà pe Ọfà jáde níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní ọmọ yìí ti sá eré tí ọmọbìnrin kankan ò sá rí ní agbègbè yìí. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ Kọ́ọ̀ṣì mú, ó gbé e sókè bí ẹni pé òun ló bí i. Àwọn ọmọ hó yèè. Àwọn tíṣà pàtẹ́wọ́. Tíṣà ìṣirò pàápàá pàtẹ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìta ló ń wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Kọ́ọ̀ṣì délé tòun ti ẹ̀rín. Ó bọ́ síngílẹ́ẹ̀tì, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé láti sá a. Ibẹ̀ ló ti rí aṣọ pupa.

Ara okùn aṣọ ni wọ́n so ó mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ta okùn náà láti ojú fèrèsé dé ara igi. Kò gùn ju ìbú yàrá kan lọ. Ṣùgbọ́n okùn tí wọ́n gé e kúrò lára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló fà á. Ìbú yàrá mẹ́wàá ló ti sọnù lórí pápá yẹn.

"Ta ló gé okùn mi?"

Inú ilé ni ìyàwó rẹ̀ ti dá a lóhùn. "Èmi ni. Nígbà ìsinmi. Èyí tó kù ṣì gùn dáadáa, àbí kò gùn?"

"O ò lè bi mí kí o tó gé e?"

"O ń sùn ni. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan, o máa ń sùn." Ó yọjú síta, ó rí ojú ọkọ rẹ̀. "Má bínú, Kọ́ọ̀ṣì. Ṣé ó ba nǹkan jẹ́ ni?"

Kọ́ọ̀ṣì wo aṣọ pupa náà. Ọwọ́ rẹ̀ tí Pìrìnsípà gbé sókè láàárọ̀ ṣì ń gbóná.

"Kò ba nǹkan kan jẹ́. Máa sá aṣọ rẹ."

Ẹ gbọ́ mi o, kò sẹ́ni tó na ìbọn sí i. Ẹfun lásán ni ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá jí ní kùtùkùtù ọ̀la, ó lè pa ìlà yẹn rẹ́, kó sì fà á bó ṣe yẹ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó sì jí ní kùtùkùtù lóòótọ́. Ó dúró lórí pápá tòun ti garawa ẹfun. Ohun tó wá ṣe ni pé ó tún ẹfun mìíràn dà lé orí ìlà kúkúrú náà, kó lè hàn dáadáa.

Láti ìgbà náà ni eré ti wọ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yẹn lára. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti di ẹṣin. Oníkálukú sì ní àlàyé tirẹ̀. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ní omi kànga tuntun ni. Ẹni tó ń darí àdúrà àárọ̀ ní àdúrà ni. Pìrìnsípà ní aṣáájú rere ni, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ gbọọrọ kan kí wọ́n gbé e kọ́ sí ẹnu géètì: ILÉ ÌYÁRA. Tíṣà ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nírọ̀lẹ́. Nígbà tó wo aago, ó rí i pé òun ti padà sígbà ọ̀dọ́, ó sì ra ṣòkòtò péńpé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣírò nǹkan, kò sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣírò bí pápá náà ṣe gùn tó.

Kọ́ọ̀ṣì gbìyànjú láti ṣàtúnṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó ní bóyá tí òun bá ń fi díẹ̀díẹ̀ gùn ún, kò ní hàn. Ó sún ìlà ìparí sẹ́yìn ní ìwọ̀n bàtà bíi mélòó kan. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, Pìrìnsípà pè é.

"Kọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ pé eré àwọn ọmọ wálẹ̀ lónìí. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti ń fi wọ́n ṣeré báyìí?"

"Rárá o, sà. Oòrùn ló mú wọn."

Ní ọjọ́ kejì, ó sún ìlà padà. Oòrùn mú, eré sì gòkè. Kò sẹ́ni tó béèrè.

Bó bá mọ sí ti yẹ̀yẹ́ Pìrìnsípà, ǹ bá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọfà wà níbẹ̀.

Àǹtí ọmọ náà, nọ́ọ̀sì yẹn, ti bá a wá àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Àyè yẹn wọ́n bí ojú. Ó ti bẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn kó tó rí i, wọ́n sì ní kí ọmọ wá fara hàn láìpẹ́, bí kò bá wá, wọ́n á fún ẹlòmíì. Àkókò yẹn náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì eré ìdárayá gbọ́ nípa Ọfà. Wọ́n ní tó bá lè sá eré tí wọ́n gbọ́ yẹn nínú ìdíje tó ń bọ̀, àwọn á gbà á, àwọn á sì máa bọ́ ọ. Ọmọ ò lè wà níbi méjèèjì.

Àǹtí náà wá bá Kọ́ọ̀ṣì ní ọ́fíìsì rẹ̀, yàrá kékeré kan tí bọ́ọ̀lù tí kò ní afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Kọ́ọ̀ṣì, mi ò mọ nǹkan kan nípa eré. Ẹsẹ̀ tó ti kán ni mo mọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi. Ṣé kí n jọ̀wọ́ àyè nọ́ọ̀sì yìí?"

"Mà, ọmọ yẹn yàtọ̀."

"Mo mọ̀ pé ó yàtọ̀, èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, ṣé eré rẹ̀ dá yín lójú?"

Ó rí ọ̀nà àbáyọ kedere níbẹ̀. Ó kàn lè sọ pé, "Mà, ẹ di àyè yẹn mú ná." Kò ní ju gbólóhùn kan lọ, kò tilẹ̀ ní dárúkọ okùn. Ṣùgbọ́n lójú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń rí ẹ̀yìn aṣọ gbọọrọ ILÉ ÌYÁRA tó wà ní géètì.

"Ó dá mi lójú, mà."

"Ẹ fọwọ́ sọ àyà."

Ó fọwọ́ sọ àyà.

Obìnrin náà lọ jọ̀wọ́ àyè. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fún ọmọ ẹlòmíì. Ọfà sáré wá bá Kọ́ọ̀ṣì lórí pápá, ó kúnlẹ̀ sínú ẹfun. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Mi ò ní dójú tì yín." Orúnkún rẹ̀ funfun nígbà tó dìde. Kọ́ọ̀ṣì ní kó lọ máa nara.

Ìgbà yẹn ni Pìrìnsípà tún gbé tirẹ̀ dé. Ó ti lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ó ti lọ fọ́nnu. Ó padà wálé bí ọkọ ìyàwó.

"Ẹ gbọ́, àwa la máa gba àlejò ìdíje ọdún yìí. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò wá sáré ní ILÉ ÌYÁRA."

"Sà, pápá wa ò tíì dáa tó."

"Pápá tó ń bí irú àwọn ọmọ yìí? Kọ́ọ̀ṣì, ìrẹ̀lẹ̀ yín ti pọ̀ jù."

Kọ́ọ̀ṣì lọ jókòó, ó rò ó. Bó bá fa ìlà tó pé, eré Ọfà á wálẹ̀ lójú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bó bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, Ọfà á fi eré aláràmàǹdà gbégbá orókè, kọ́lẹ́ẹ̀jì á gbé e lọ, bí eré rẹ̀ bá sì wálẹ̀ níbẹ̀, wàhálà kọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ nìyẹn. Orí rẹ̀ wú sí ọgbọ́n yìí. Ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun kan ṣoṣo ni ọlọ́gbọ́n ayé yìí gbàgbé. Pápá tó kúrú fún Ọfà kúrú fún gbogbo ẹni tó bá wá.

Ọjọ́ pé. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, àga kún abẹ́ ibòòji, àwọn tíṣà mẹ́ta tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sí ìparí eré pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ìyàwó Kọ́ọ̀ṣì ń pín omi tútù. Àǹtí Ọfà gba àyè níbi iṣẹ́, ó wá. Ọkùnrin kan wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó wọ dígí dúdú.

Àwọn ọmọkùnrin ló kọ́kọ́ sáré yípo kan. Ẹni tó ṣe ipò kìíní, rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun. Àtẹ́wọ́ ró. Ẹni kejì, òun náà fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Àtẹ́wọ́ tún ró. Ẹni kẹta náà fọ́ ọ. Àtẹ́wọ́ yẹn ti ń ṣe iyèméjì.

Ẹni tó gbẹ̀yìn ni ọmọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Àpò Sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó yẹ kó sáré ń ṣàìsàn, ni wọ́n bá fi òun dí àyè. Bó ṣe ń sáré lọ, bàtà rẹ̀ kan bọ́. Ó padà lọ mú un. Ó gbé e sábẹ́ abíyá, ó ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé, wọ́n wo aago. Ó ti yára ju ẹni tó gba ife lọ́dún tó kọjá lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó ń ka eré gbé aago sétí, ó mì í.

"Ẹ má mì í, bàbá," ni obìnrin kan sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Aago kọ́ ló ń ṣàìsàn."

Tíṣà eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ Àpò Sìmẹ́ǹtì ni. Aláfèrè ni wọ́n ń pè é, nítorí fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó rọra rìn lọ bá Kọ́ọ̀ṣì.

"Kọ́ọ̀ṣì, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Ṣé ẹ rí ọmọ mi yẹn? Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé tí àwọn bá rán an níṣẹ́ sí iwájú ilé, àwọn máa ń rán ẹlòmíì lọ wá a. Òun ló fi bàtà kan fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yìí."

"Afẹ́fẹ́ ni, mà. Afẹ́fẹ́ máa ń ti ènìyàn lẹ́yìn lórí pápá wa."

"Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ yípo?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán, àwọn ọmọbìnrin ti gbéra. Ọfà sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ṣe ipò kẹta. Ó já wá bá Kọ́ọ̀ṣì, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ayọ̀ àti ìdààmú wà lójú rẹ̀ pọ̀.

"Sà, mo tún dín àkókò mi kù. Mi ò sá irú rẹ̀ rí. Báwo làwọn méjì wá ṣe wà níwájú mi?"

Aláfèrè gbọ́ ọ. Ó wo ọmọ náà, ó wo Kọ́ọ̀ṣì, ó sì kọrí sí ibi tí àwọn bíríkìlà ti ń mọ ògiri lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ó yá téèpù ńlá wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ojú ọ̀nà eré, àwọn bíríkìlà ń bá a fà á, èrò sì ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí ẹni ń sin ìyàwó. Nígbà tí wọ́n yípo tán, ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ nu òógùn.

"Màámi, ibi tó kù yìí, ilé oníyàrá mẹ́wàá á dúró síbẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò, ó ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àpò Sìmẹ́ǹtì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n ṣì kọ rẹ́kọ́ọ̀dù òun sílẹ̀. Tíṣà ìṣirò rọra lọ jókòó, ó fi ìwé bo ṣòkòtò péńpé rẹ̀.

Pìrìnsípà wú bí búrẹ́dì. "Kọ́ọ̀ṣì, kí ni mò ń rí yìí?"

"Àṣìṣe ni, sà. Òjò ló jẹ́ kí okùn súnkì. Bí ẹ ṣe gbọ́ ọ yìí ni èmi náà ṣe ń gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ pé mo mọ̀ ni, ṣé mo máa jẹ́ kí àlejò wá?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Àwọn kan mi orí. Ẹnì kan ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Àǹtí Ọfà pàápàá mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa, àṣìṣe ni." Kọ́ọ̀ṣì ti ń rí ọ̀nà jáde.

Ni ìyàwó rẹ̀ bá gbé ike omi kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ọkọ mi. Kì í ṣe òjò. Èmi ni mo gé okùn, mo fi ta okùn aṣọ. Ó bi mí, mo bẹ̀ ẹ́, ó sì ní kò ba nǹkan kan jẹ́. Ọkàn rẹ̀ dáa, kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi ni."

Kọ́ọ̀ṣì ń ṣẹ́jú sí i. Obìnrin náà rò pé ẹkún ló fẹ́ sun, ó fọwọ́ lé e léjìká.

Àǹtí Ọfà sún mọ́ wọn. Ohùn tó fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ló fi bá a sọ̀rọ̀. "Ìyàwó wa, ìgbà wo ló bi yín?"

"Ó ti pẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí Ọfà kọ́kọ́ di gbajúmọ̀."

Ẹ̀rín gbẹ lórí pápá. Ọkùnrin láti kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ́ dígí dúdú, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó lọ wọ mọ́tò rẹ̀.

"Mo bi yín," ni Àǹtí náà sọ. "Mo dúró níwájú yín, mo bi yín." Kọ́ọ̀ṣì ní ó wu òun kó gbá òun létí.

Ọfà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bàtà eré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó wọ̀ ọ́ padà, ó so okùn rẹ̀. Ó wá kọjú sí Aláfèrè.

"Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ẹsẹ̀ fa ìlà síbi tó yẹ kó wà gan-an. Mo fẹ́ mọ eré mi."

Òun nìkan ló sá a. Kò sẹ́ni tó hó. Ìbú yàrá mẹ́wàá yẹn gùn lójú gbogbo ènìyàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọmọ náà ti ń wúwo, tó ń fi apá wa afẹ́fẹ́ títí ó fi dé. Aláfèrè fi aago hàn án.

"Ṣé wọ́n lè fi èyí gbà mí, mà?"

"Rárá. Ó dáa, ṣùgbọ́n kò dáa tó yẹn."

"Lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Tí o bá ń wá bá mi nírọ̀lẹ́, a lè wò ó. Mi ò ṣèlérí."

Kọ́ọ̀ṣì já wọ ọ̀rọ̀. Kò mọ ohun tó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ó já wọ̀ ọ́. "Ọfà, èmi náà lè máa bá ọ…"

Ọmọ náà yí padà. Ó kúnlẹ̀ fún un, bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ṣé, sà." Ó dìde, ó tẹ̀lé Aláfèrè lọ.

Ìyókù ò gùn. Wọ́n gbé Kọ́ọ̀ṣì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, wọ́n ní kó máa kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọ̀gbìn. Pìrìnsípà sọ fún gbogbo ènìyàn pé ara ti ń fu òun tipẹ́. Àyè nọ́ọ̀sì ò tíì ṣí padà. Ọfà ń dúró dè é, ó sì ń sáré nírọ̀lẹ́.

Èmi bi Kọ́ọ̀ṣì èwo ló dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò ní ẹ̀rín àwọn èrò ni, tàbí ẹnu ìyàwó rẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní òun ti gbé gbogbo ìyẹn mì. Ó ní "sà" tí ọmọ yẹn pe òun lọ́jọ́ náà ni kò tíì kọjá lọ́nà ọ̀fun.